Omi ni kí ẹ máa ṣọ́, kì í ṣe òtútù

Tó bá ti di oṣù kẹta, tí yìnyín ń yọ́ ní Chicago, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń wà lẹ́nu àwọn èèyàn wa: òtútù ti ba ilẹ̀ jẹ́. Onílé á mú ọ lọ wo kòtò iwájú gáréèjì rẹ̀. Ìjọ tó ra ilé ìtajà àtijọ́, tó sọ ọ́ di ilé ìsìn, á mú ọ lọ wo ibi ìgbọ́kọ̀sí tó ti hú káàkiri. Wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á ní bí Amẹ́ríkà ṣe rí nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè bá ojú ọjọ́ jà. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fi ilẹ̀ ìjọ wa síkàáwọ́ mi, ibi tí gbogbo wa ń gbé ọkọ̀ sí lọ́jọ́ Àìkú, tí àwọn ìyá àgbà ń fi ọ̀pá rìn kọjá, tí àwọn ọmọdé sì ń sáré lórí rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Ohun tí mo ti fojú ara mi rí níbẹ̀ ni pé òtútù nìkan kì í sábà pa ilẹ̀ ọlọ́dà, ilẹ̀ dúdú tí òyìnbó ń pè ní asphalt. Omi ló ń pa á. Omi tí a jẹ́ kó ráyè wọlé nígbà ooru ni òtútù máa ń bá nínú ilẹ̀ tó fi ń ṣọṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé oṣù kẹsàn-án ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ wíntà, kì í ṣe oṣù kìíní.

Ilẹ̀ dúdú tí a ń gbé ọkọ̀ sí yìí, òkúta ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí a bá pín in sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, nǹkan bíi márùndínlọ́gọ́rùn-ún ló jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ àti yanrìn; ọ̀dà tó so wọ́n pọ̀ kò ju nǹkan bíi márùn-ún lọ. Wọ́n á yan òkúta yẹn gbẹ, wọ́n á pò ó mọ́ ọ̀dà tó ti yọ́, ní nǹkan bí 300 dígírì Fahrenheit, wọ́n á dà á sílẹ̀ bó ṣe ń gbóná, ọkọ̀ tó ń tẹ ilẹ̀ á sì gorí rẹ̀ kó tó tutù. Lábẹ́ rẹ̀ ni òkúta mìíràn tí wọ́n ti kì mọ́lẹ̀ wà. Lábẹ́ ìyẹn ni erùpẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ́lé síbẹ̀.

Àwa Yorùbá mọ ọ̀dà yìí dáadáa. Ní Agbábù, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó ń sun jáde fúnra rẹ̀ láti inú ilẹ̀. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kàn án mọ ìwà rẹ̀: ooru a máa mú un rọ̀, òtútù a sì máa mú un le. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe lójú títì. Nítorí èyí ni àwọn oníṣẹ́ ọ̀dà ní Amẹ́ríkà fi máa ń fi nọ́ńbà méjì sàmì sí ọ̀dà kọ̀ọ̀kan: PG 64-22, PG 58-28, PG 58-34. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ bí ooru ojú títì ṣe lè pọ̀ tó ní Celsius kí ọ̀dà náà tó rọ̀ jù. Èkejì ń sọ bí òtútù ṣe lè lọ sísàlẹ̀ òdo tó kó tó sán. Ọ̀dà tó bá Minnesota lára mu, tí wọ́n bá dà á sójú títì Èkó, táyà ọkọ̀ akẹ́rù á tètè gé ipa sí i. Èyí tó dára fún Èkó náà, tó bá dé Minnesota, á sán kí wíntà kan tó parí.

Nígbà tí òtútù bá mú gan-an, ilẹ̀ ọlọ́dà a máa súnkì. Tí kò bá ráyè súnkì, á sán. Ní ọjọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2019, òtútù Chicago lọ sísàlẹ̀ òdo ní ìwọ̀n 23 Fahrenheit. Irú òtútù bẹ́ẹ̀ ló máa ń fa ìlà tóóró kan láti etí ilẹ̀ kan dé èkejì. Mo gbà pé iṣẹ́ òtútù nìyẹn. Oòrùn náà ní tirẹ̀. Ilẹ̀ tuntun máa ń dúdú kirikiri. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, á di aláwọ̀ eérú. Àwọ̀ eérú yẹn ń sọ fún ẹni tó ń wò ó pé ọ̀dà ti ń gbó, kò lè nà mọ́ bí ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀là tóóró lásán kì í gbé ọkọ̀ mì. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ilẹ̀ ti wá lanu báyìí, aláǹgbá tó sì ń bọ̀ ni omi.

Omi tó bá di yìnyín a máa fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwọ̀nba yẹn tó láti ti òkúta kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta. Lálẹ́, omi inú ẹ̀là á dì, á ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sẹ́yìn. Lọ́sàn-án, oòrùn á yọ, yìnyín á yọ́, àyè tó ti fẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀, omi mìíràn á tún kún un. Alẹ́ tún lẹ́, ó tún dì. Omi tó ń yọ́ á máa rìn lọ sísàlẹ̀, á máa kó erùpẹ̀ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ lọ, títí ihò á fi wà lábẹ́ tí ojú ò tó. Ọjọ́ kan ni ọkọ̀ kan á kọjá, òkè ihò yẹn á sì wọlẹ̀. Ọjọ́ yẹn la máa ń pariwo pé kòtò ti ṣẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti ń ṣẹlẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò rò ni pé kì í ṣe ibi tí òtútù ti mú jù ni ilẹ̀ ti ń bàjẹ́ jù. Ibi tí òtútù ti mú tó sì dúró bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, omi á dì lẹ́ẹ̀kan, ó di ìgbà ìrúwé kó tó yọ́. Chicago kò rí bẹ́ẹ̀. Níbí, pàápàá lóṣù kejì àti oṣù kẹta, ọ̀sán lè gòkè kọjá 32 dígírì Fahrenheit, ibi tí omi ti ń dì, kí òru tún já wálẹ̀. Dídì àti yíyọ́ yìí, léraléra, ló ń jẹ ilẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn bá ń dúpẹ́ pé wíntà kan rọjú, tí òjò ń rọ̀ lóṣù kìíní dípò yìnyín, èmi máa ń ronú nípa ẹ̀là.

Ìsàlẹ̀ tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ní Chicago, ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé gbọ́dọ̀ gbẹ́ ìpìlẹ̀ dé ínṣì 42, nítorí ilẹ̀ lè dì jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó bá wá ń yọ́, òkè ló máa ń kọ́kọ́ yọ́, ìsàlẹ̀ á ṣì le. Omi tó ti yọ́ kò ríbi gbà, á há sáàárín, erùpẹ̀ tó yẹ kó gbé òkúta dúró á di ẹrẹ̀. Ìdí nìyí tí Minnesota, Wisconsin àti Michigan fi máa ń dín ìwúwo ọkọ̀ akẹ́rù kù lórí ọ̀pọ̀ títì wọn nígbà ìrúwé.

Lẹ́bàá Ottawa, ìlú kan ní Illinois tí kò jìnnà sí Chicago, ni wọ́n ti fi ojú lásán rí bí èyí ṣe ń ṣẹlẹ̀. Láti 1958 sí 1960, wọ́n la àwọn títì àyẹ̀wò síbẹ̀, àwọn sójà sì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù yípo lórí wọn tọ̀sán tòru. Nínú ohun tí wọ́n rí níbẹ̀, méjì ló kan àwa tí a ní ilẹ̀ kékeré. Bí ẹrù tó wà lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tó ń ṣe fún títì lè di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Ìgbà ìrúwé tí ilẹ̀ ń yọ́ ni títì sì máa ń fọ́ jù. Nígbà tí mo mọ èyí, mo lọ bá àwọn tó ń kó ìdọ̀tí wa sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ilé ni àpótí ìdọ̀tí ńlá wa wà tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ wọn sì ń la gbogbo ilẹ̀ kọjá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú gbogbo ẹrù tó ti kó jọ láàárọ̀. A gbé àpótí náà wá sí ẹ̀bá títì. Kò ná wa ní kọ́bọ̀. Mi ò rò pé nǹkan mìíràn wà tí a ṣe fún ilẹ̀ náà tó wúlò tó ìyẹn, bẹ́ẹ̀ kò sí ọ̀dà kankan nínú ẹ̀.

John Loudon McAdam, ará Scotland tó kú ní 1836, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe títì olókúta wẹ́wẹ́, kò lo ọ̀dà rárá. Ohun tó fi ń kọ́ àwọn èèyàn ni pé erùpẹ̀ ilẹ̀ gan-an ló ń gbé ọkọ̀. Iṣẹ́ òkúta orí rẹ̀ ni láti máa dáàbò bo erùpẹ̀ yẹn kí omi má wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ti gbé Ìbàdàn tàbí Èkó rí ò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Yìnyín ò sí níbẹ̀, síbẹ̀ ibi tí gọ́tà ti dí, tí omi ń sùn sójú títì, ibẹ̀ ni kòtò ti ń bẹ̀rẹ̀. Omi kan náà ló wà níbí, ó kàn pààrọ̀ aṣọ ni.

Lẹ́yìn òjò oṣù kẹsàn-án ni iṣẹ́ mi máa ń bẹ̀rẹ̀. Mi ò kì í jáde nígbà tó bá ń rọ̀ lọ́wọ́, mi ò sì kì í dúró kí gbogbo ilẹ̀ gbẹ tán. Nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn tí òjò bá dá, ojú ilẹ̀ á ti máa gbẹ, ṣùgbọ́n inú ẹ̀là á ṣì tutù. Gbogbo ẹ̀là, títí kan èyí tí ojú ò lè rí lọ́jọ́ oòrùn, á wá yọ síta ní ìlà dúdú lórí ilẹ̀ eérú, ẹ á sì rí ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ń lọ. Mo máa ń mú ṣọ́ọ̀kì dání, mo máa ń fi yí ibi tí omi bá dúró sí ká. Ilẹ̀ tó dára yẹ kó dagun díẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì sí ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan, kí omi lè máa ṣàn lọ. Ibi tí omi bá dúró sí, ó ti jìn nìyẹn, ẹ má sì retí pé yóò tún ara rẹ̀ ṣe.

Mo máa ń wo etí ibi tí ilẹ̀ ọlọ́dà ti pàdé kọnkéré, torí àlàfo ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn máa ń fojú fò. Mo máa ń fa koríko tó bá hù nínú ẹ̀là tu. Gbòǹgbò rẹ̀ ń fẹ ẹ̀là sí i, ó sì ń di omi mú. Mo máa ń wo ẹsẹ̀ ọ̀pá tó ń gbé omi òrùlé sọ̀kalẹ̀. Ní ilé ìsìn wa, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá yẹn ń da omi ìdajì òrùlé sí ojú kan ṣoṣo, ilẹ̀ ojú ibẹ̀ ti jẹ títí òkúta fi yọ eyín síta, bó bá sì di wíntà, yìnyín ibẹ̀ kì í tán. A ra ọ̀pá mìíràn so mọ́ ọn, omi sì ń lọ sínú koríko. Kò tó owó tí ìdílé kan fi ń jẹun nílé oúnjẹ lẹ́yìn ìsìn.

Ọ̀gá oníṣẹ́ ọ̀dà kan, ọmọ Mẹ́síkò, tó ti gbó nídìí iṣẹ́ náà, ló kọ́ mi láti mọ ẹ̀là tó ṣe é dí yàtọ̀ sí èyí tí kò ṣe é dí. Ẹ̀là gígùn tó dá dúró, ẹ dí i. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ̀là bá ti so kọ́ra, tó pín ilẹ̀ sí kélekèle, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní awọ ọ̀nì, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ti yẹ̀. Ó mú mi dé ọ̀kan lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ó fi gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, omi àti ẹrẹ̀ funfun sì ru jáde láàárín àwọn ẹ̀là, lọ́jọ́ tí òjò ò tíì rọ̀. Ó ní ohunkóhun tí a bá dà sórí èyí, owó wa la dà nù. Gígé ló yẹ ká gé e, ká kó ẹrẹ̀ abẹ́ rẹ̀ jáde, ká kì òkúta gbígbẹ síbẹ̀, ká tó da ọ̀dà tuntun lé e. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ náà, ní àwọn lè fi ọ̀dà dúdú bò ó pátá ní iye tó kéré sí tirẹ̀. Òun ni mo fọkàn tán, torí òun nìkan ló tẹ ilẹ̀ wò.

Ẹ̀là tó bá ti fẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́rin ínṣì, rọ́bà gbígbóná ló yẹ ẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ìdọ̀tí inú rẹ̀ jáde, wọ́n á fi ooru gbẹ ẹ́ tí omi bá wà níbẹ̀, torí rọ́bà kì í lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ tútù tàbí eruku. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á da ọ̀dà tí wọ́n pò mọ́ rọ́bà sí i, bó ṣe ń gbóná. Rọ́bà yìí ló ń jẹ́ kó lè máa nà, kó sì máa súnkì bí ẹ̀là ṣe ń ṣe. Ìgbà tí ẹ ṣe é náà ṣe pàtàkì. Ẹ̀là a máa fẹ̀ nígbà òtútù, a sì máa fún nígbà ooru. Bí ẹ bá dí i lóṣù keje nígbà tó fún jù, ohun tó ráyè wọ ibẹ̀ ò ní tó nǹkan nígbà tó bá fẹ̀ lóṣù kìíní, ó sì lè ya kúrò létí. Ìgbà tí ewé ń wọ́ ló wà ní agbedeméjì, ojú ọjọ́ ò gbóná jù, kò sì tíì tutù jù. Ẹni tó ní ilé kékeré lè ra èyí tó wà nínú ìgò ní ilé ìtajà irinṣẹ́, tí kò nílò iná. Kì í pẹ́ tó ti gbígbóná, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí ẹ̀là lajú sílẹ̀ lọ. Kí ẹ sáà rí i pé ilẹ̀ gbẹ, pé ojú ọjọ́ sì ju 50 dígírì Fahrenheit lọ.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé ìwé owó iṣẹ́ yìí dé ìgbìmọ̀, akápò wa, bàbá tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi, wò ó títí. Ó ní, "Àbúrò, owó tó tó báyìí, inú ihò lo fẹ́ ká dà á sí?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Bí a ò bá dà á sínú ihò lọ́dún yìí, inú kòtò la máa dà á sí lọ́dún tó ń bọ̀."

Bàbá ò dá mi lóhùn. Wọ́n ní òrùlé ń jò, wọ́n ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti bàjẹ́, òótọ́ sì ni méjèèjì. Mo bẹ wọ́n pé kí wọ́n bá mi rìn yí ilẹ̀ ká lọ́jọ́ kan tí òjò bá dá. Wọ́n wá. A dé ibi tí ìyá kan ti fẹsẹ̀ kọ nígbà wíntà tó kọjá, wọ́n dúró, wọ́n fi ọ̀pá wọn tọpa ẹ̀là náà láti ibẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. "Gbogbo èyí ni omi ń gbà wọlé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n buwọ́ lu owó náà, láti ìgbà yẹn ni ilẹ̀ sì ti ní ìlà tirẹ̀ nínú ìṣúná ìjọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òrùlé. Mo fẹ́ kí gbogbo ìjọ àti ẹgbẹ́ wa tó ní ilé níhìn-ín ṣe bẹ́ẹ̀. A mọ bí a ṣe ń dáwó ra ilé. A mọ bí a ṣe ń dáwó ra ìlù àti dùùrù. Ilẹ̀ tí àwọn ìyá wa ń tẹ̀ kọjá kí wọ́n tó dé ìdí ìlù yẹn, ó yẹ kó wà nínú ìṣirò.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń kùn sórí ilẹ̀ láti mú un dà bíi tuntun ń fẹ́ ìṣọ́ra. Ó dára láyè tirẹ̀: ó ń dín ìyà oòrùn kù, ó sì ń dá epo mọ́tò tó ń kán sílẹ̀ dúró, torí epo a máa tú ọ̀dà. Lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́ta sí márùn-ún ló tó láti tún un kùn, ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà ò sì yẹ kó rí i rárá títí á fi gbẹ dáadáa. Ṣùgbọ́n kì í dí ẹ̀là. Ẹni tó bá kùn ún sórí ẹ̀là tó lajú, ó kàn fi í pamọ́ fún ojú ni. Omi mọ ibi tó wà. Tí ẹ bá sì máa rà á, ẹ ka ara ike rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ọ̀dà èédú (coal tar) ṣe ní àwọn kẹ́míkà tó lè fa jẹjẹrẹ, òjò sì ń fọ̀ wọ́n lọ sínú odò. Austin ní Texas ti fòfin dè é láti 2006, ìpínlẹ̀ Minnesota láti 2014. Èyí tí wọ́n fi ọ̀dà epo rọ̀bì ṣe wà, òun ni kí ẹ rà.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹni tó bá kanlẹ̀kùn yín pé àwọn ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò, pé ọ̀dà ṣẹ́ kù nínú ọkọ̀ àwọn, pé àwọn lè bá yín da ilẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú lónìí yìí kan náà. Ọgbọ́n àtijọ́ ni. Owó kásì ni wọ́n máa ń gbà, ohun tí wọ́n sì máa ń dà kì í nípọn tó, òmíràn ò tiẹ̀ ju epo dúdú tí wọ́n bu omi là lọ. Àwọn àgbàlagbà tó ń dá gbé ni wọ́n máa ń wá. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn òbí yín tó wà níbí. Oníṣẹ́ gidi á wá wọn ilẹ̀, á kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, á sì fún yín láyè láti lọ ronú.

Tí yìnyín bá wá dé, iṣẹ́ tó kù kò pọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó ní ọgbọ́n. Chicago ò fi kíkó yìnyín ṣeré. Ìjì yìnyín ńlá kan jà níbẹ̀ ní 1979, ìjọba ìlú ò lè kó o bó ṣe yẹ, nígbà tó sì di oṣù kejì, Michael Bilandic tó jẹ́ olórí ìlú pàdánù ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ Democrat sọ́wọ́ Jane Byrne, ẹni tó wá di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ olórí ìlú náà. Gbogbo èèyàn ló ń wo bí wọ́n ṣe yára kó yìnyín tó. Ìwọ̀nba ló ń béèrè ibi tí wọ́n kó o sí. Bí ẹni tó ń kó yìnyín bá kó o jọ sí apá òkè ilẹ̀, bó ṣe ń yọ́ lọ́sàn-án, omi rẹ̀ á ṣàn la gbogbo ilẹ̀ kọjá, á wọ gbogbo ẹ̀là tó bá bá lọ́nà, á sì dì lálẹ́ níbi tí èèyàn ń rìn. Ó lè wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Apá ìsàlẹ̀, lẹ́bàá ihò gọ́tà tàbí koríko, ni kí ẹ ní kí wọ́n kó o sí. Mo máa ń fi igi tó ní àmì pupa sàmì sí etí ilẹ̀ kí yìnyín àkọ́kọ́ tó bọ́, kí irin ọkọ̀ wọn má baà gé e. Mo sì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé irin náà sókè díẹ̀, ìdajì ínṣì péré, torí etí ẹ̀là tó bá yọ sókè ni irin yẹn máa ń há mọ́, tó sì máa ń hú u lọ.

Iyọ̀ ńkọ́? Iyọ̀ kì í jẹ ilẹ̀ ọlọ́dà bó ṣe ń jẹ kọnkéré. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń sọ yìnyín di omi lọ́jọ́ tí kò yẹ kó yọ́, omi yẹn á wọ ẹ̀là, tí omi mìíràn bá sì ti là á, á tún dì. Nítorí náà, ilẹ̀ tí wọ́n ti dí ẹ̀là rẹ̀ lè gba iyọ̀. Èyí tó lajú ń jìyà rẹ̀. Iyọ̀ lásán kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ tó bá ti tutù kọjá nǹkan bí 15 dígírì Fahrenheit, kò sí bí ẹ ṣe lè dà á pọ̀ tó. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, calcium chloride, irú iyọ̀ mìíràn, ló lè ràn yín lọ́wọ́, tàbí yanrìn, tí kì í yọ́ yìnyín ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi ṣọ́bìrì kó yìnyín kúrò, kí iyọ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí ilẹ̀ bá gbẹ tán tí ẹ ṣì ń rí hóró iyọ̀, ó ti pọ̀ jù nìyẹn. Ẹ gbá a jọ, ẹ tún un lò. Àjọ tó ń gbógun ti bíba àyíká jẹ́ ní Minnesota máa ń sọ pé ṣíbí tíì kan iyọ̀ tó láti ba gálọ́ọ̀nù omi márùn-ún jẹ́ títí láé, kò sì sí ohun tó ń yọ ọ́ kúrò nínú odò fúnra rẹ̀.

Fún ẹni tí wíntà ti bá lójijì, tí kòtò ti wà nílẹ̀ lóṣù kejì: àwọn ilé iṣẹ́ tó ń po ọ̀dà gbígbóná lágbègbè wa máa ń tilẹ̀kùn nígbà òtútù, torí náà ọ̀dà tútù inú àpò ni ẹ máa rí rà. Ẹ gbọ́n omi àti yìnyín inú kòtò náà kúrò, ẹ gbá a mọ́, ẹ fọ́ etí rẹ̀ tó ti rọ̀ dànù títí ẹ ó fi kan ibi tó le. Ẹ gbé àpò ọ̀dà náà sínú ilé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kó lè rọ̀. Ẹ má da gbogbo rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan. Ínṣì méjì ni kí ẹ dà, kí ẹ fi igi tàbí irin kì í dáadáa, kí ẹ tó da òmíràn lé e, kí ó sì yọ díẹ̀ ju ilẹ̀ lọ, kí táyà ọkọ̀ tẹ ìyókù mọ́lẹ̀. Ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ kọ ibi tó wà sílẹ̀, torí ó di dandan kí wọ́n gé e kí wọ́n sì tún un dà pẹ̀lú ọ̀dà gbígbóná tó bá di oṣù kẹrin tàbí oṣù karùn-ún. Bó bá jẹ́ ojú títì ìjọba ni kòtò náà wà, 311 ni nọ́ńbà tí ẹ máa pè ní Chicago, kí ẹ sì sọ nọ́ńbà ilé tó kọjú sí i.